Òwú Ló Ń Di Ìwé Mú, Kì í Ṣe Gọ́ọ̀mù

Yorùbá tó bá kó ìwé rẹ̀ láti Ìbàdàn wá sí Kubwa ní Àbújá yóò mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe. Ìwé tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lẹ́yìn, bó bá ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ á sán, ewé á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a fọwọ́ rán kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewé mẹ́rin la ó tò léra, ká ṣẹ́ wọn po sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ìdìpọ̀ kan nìyẹn, ojú ìwé 16. Ìdìpọ̀ mẹ́wàá á di 160. Irin ṣóńṣó tí àwọn oníbàtà ń lò la ó fi lu ihò márùn-ún sí ojú ìṣẹ́po ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. A ó fi ìda oyin ra òwú kó má baà lọ́ pọ̀, abẹ́rẹ́ á wá máa wọlé, á máa jáde. Bó bá dé ìpẹ̀kun, á kọ́ òwú ìdìpọ̀ ìsàlẹ̀ kó tó gun òkè. Ìkọ́ kékeré yìí ni kì í jẹ́ kí ìdìpọ̀ kan tú kúrò lára èkejì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń là gbalaja lórí tábìlì, èèyàn á máa kà á, á máa fọwọ́ kan jẹ àkàrà (kí epo ṣáà má kán sí i).

Ohun tó ń tan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ ni ewé fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti la igi rí mọ̀ pé igi ní ọ̀nà tó ń gbà là. Ewé ìwé náà ní fọ́nrán tó kọjú síbì kan, ó sì yẹ kí fọ́nrán náà bá ẹ̀yìn ìwé lọ. Rọra tẹ̀ ẹ́ wò ní ìbú àti ní òòró. Ibi tó bá ti rọ̀ jù ni ká ti ṣẹ́ ẹ po. Fọ́nrán ọ̀pọ̀ A4 tó wà lọ́jà, òòró ló bá lọ, nítorí náà bí a bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì, a ti ṣẹ́ ẹ lòdì. A3 (tó tóbi tó A4 méjì) tí fọ́nrán rẹ̀ bá òòró lọ ni kí a rà, ká gé e sí méjì kí a tó ṣẹ́ ẹ po.

Páálí èèpo náà ní wàhálà tirẹ̀. Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ òde páálí á wú bí gọ́ọ̀mù bá rin ín. Bó bá ń gbẹ, á sún kì, á sì fa páálí tẹ̀. Kíá ló ń gbẹ lásìkò ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ ewé mọ́ inú páálí pẹ̀lú, kí ìfà inú àti tòde lè dọ́gba, tí wọ́n á sì gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú.

Ní ti awọ, kò sí ibi tó sún mọ́ ọn bí Àríwá. Awọ ewúrẹ́ Kano àti Sókótó, tí wọ́n fi èso bagaruwa (igi ẹlẹ́gùn-ún kan) ṣe kó má baà jẹrà, ni ràkúnmí ń rù láyé àtijọ́ gba aginjù Sàhárà kọjá, tí àwọn Òyìnbó fi ń bo ìwé, tí wọ́n ń pè é ní awọ Mòrókò nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ Kùránì àfọwọ́kọ àtijọ́ ní Kano ni wọn ò rán rárá. Ewé wọn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú èèpo awọ, wọ́n á tún kó wọn sínú àpò awọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ewé tó kàn sí ìsàlẹ̀ ewé, kí ẹni tí ewé bá dàrú mọ́ lọ́wọ́ lè tò ó padà.