Ìjọba ń mú awakùsà, ìjọba tún ń dá awakùsà lẹ́kọ̀ọ́: èwo ni ká gbà?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Mínísítà fún ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, Dókítà Délé Aláké, fún àwọn tó ń wakùsà láìgbàṣẹ ní ọjọ́ 30 kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba kó òṣìṣẹ́ àjọ Sífù Dìfẹ́ńsì 2,220 jáde, wọ́n pè wọ́n ní Mining Marshals, wọ́n ní kí wọ́n máa mú ẹni tí kò níwèé. Láti ìgbà náà, bí rédíò bá sọ lónìí pé wọ́n mú awakùsà, yóò sọ lọ́la pé wọ́n ń kọ́ awakùsà níṣẹ́, pé wọ́n ń fún wọn ní akoto, bàtà àti ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè nìyí.

Ṣé ẹni tí wọ́n ń mú yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́kọ̀ọ́ ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan náà ni. Bó bá ń wakùsà láìníwèé, arúfin ni. Bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n sì gbàwé fún ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ ìjọba ti di ẹ̀tọ́ wọn.

Òfin ìwakùsà ọdún 2007 ló bí méjèèjì. Ó sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ abẹ́ oko kòkó bàbá yín ló wà. Mining Cadastre Office ní Abuja ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe káńsù, kì í sì í ṣe gómìnà. Ilẹ̀ tí ìwé awakùsà kékeré máa ń gbà kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 3 onígun mẹ́rin lọ. Òfin yìí kan náà ló pa á láṣẹ fún mínísítà pé kó ran àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù awakùsà lọ́wọ́: kí wọ́n bá wọn yẹ ilẹ̀ wò láti mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀nà tó dára láti gbẹ́ ẹ hàn wọ́n, kí wọ́n sì là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí ìlera àti àyíká.

Ṣé ẹ̀kọ́ yìí wà fún àwọn tó ń fi katapílà gbẹ́ ilẹ̀ náà?

Rárá. Ẹni tó ń fi díígà, ṣọ́bìrì àti agbada ṣiṣẹ́ ló wà fún, bóyá tó ní pọ́ǹpù omi kan àti ẹ̀rọ ìlọta kan.

Bí wọ́n bá ti ní akoto, bàtà àti ẹ̀rọ, kí ló tún kù?

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ẹ̀rọ wà lára ohun tó pa àwọn ọmọ ní Zamfara.

Ní ọdún 2010, àwọn dókítà àjọ MSF, àjọ oníṣègùn aláàánú kan láti òkè òkun, gbọ́ pé gìrì ń mú àwọn ọmọ kéékèèké ní àwọn abúlé kan níbẹ̀, pé wọ́n ń kú. Òjé ló fà á. Òkúta tí àwọn ènìyàn ń wà nítorí góòlù ní òjé púpọ̀ nínú. Wọ́n ń kó o wálé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, nínú àgbàlá tí ọmọ ti ń rákòrò, tí ìyá ti ń dáná. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, ó bo ẹní, ó bo ìkòkò. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ tó sì fi í sẹ́nu ti jẹ òjé. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 204 wò ní abúlé Dareta àti Yargalma, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń fa òjé jáde, tàbí tó ti kọjá rẹ̀. Ọmọ tó kú lé ní 400. Wọ́n ní láti ha ojú ilẹ̀ abúlé mẹ́jọ kúrò, kí wọ́n sì da ilẹ̀ mìíràn síbẹ̀. Bagega ló tóbi jù nínú wọn. Ọdún 2013 ni wọ́n tó ríbi fọ̀ ọ́ mọ́.

Àwọn òbí wọ̀nyẹn kò mọ̀. Ọ̀nà àtijẹ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yá iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń ṣe. Kò sí akoto tó lè gba ọmọ wọn là. Ohun tó lè gbà wọ́n là ni kí ẹ̀rọ náà jìnnà sílé, kí omi máa ṣàn sórí òkúta bí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kí eruku má baà gbéra, kí ẹni tó lọ̀ ọ́ sì wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ, kó tó gbé ọmọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n pín ẹ̀rọ ìlọta fún awakùsà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí, kí ẹ sì béèrè bóyá omi wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀rọ débẹ̀.

Ṣé gbogbo òkúta góòlù ló ní òjé?

Rárá. Ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí wọ́n gbé òkúta lọ fún àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Màkúrì ńkọ́?

Màkúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, máa ń so mọ́ góòlù. Awakùsà á pò ó mọ́ iyanrìn tó ti lọ̀, á fún un, á wá yan ohun tó kù lórí iná títí màkúrì yóò fi gbẹ kúrò lára góòlù. Àmọ́ gbígbẹ yẹn kọ́ ni òpin rẹ̀. Bí iná bá ti ń mú un gbóná, ó ń di oru tí ojú kò lè rí, ẹni tó dúró tì í á sì fà á símú. Èyí tó bá bọ́ sódò á di oró nínú ẹja, ẹja á di oúnjẹ aboyún, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ló sì máa ń bà jẹ́ jù.

Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakùsà láti lò: ìkòkò irin tó ní ìdérí tó pa dé pinpin, tí páìpù kan yọ lára rẹ̀ wọ inú omi. Oru màkúrì á gba inú páìpù náà kọjá, á tutù, á sì padà di màkúrì tí wọ́n tún lè lò. Awakùsà tí kò bìkítà fún ìlera yóò bìkítà fún owó màkúrì tí kò ní í rà mọ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀kọ́ yìí fi máa ń wọlé. Èyí tó tún dára jù ni kí wọ́n fi omi àti pátákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé fọ góòlù náà títí tí ohun tó ṣẹ́kù kò fi ní pọ̀, kí wọ́n má sì lo màkúrì rárá níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe.

Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn Minamata lórí màkúrì, tí í ṣe àdéhùn àgbáyé, ní oṣù Kejì ọdún 2018. Ìlú kan ní Japan ni wọ́n fi sọ àdéhùn náà lórúkọ, níbi tí màkúrì iléeṣẹ́ kan ti bọ́ sínú òkun tí ẹja sì pa ará ìlú lára. Yíyan màkúrì níbi tí ènìyàn ń gbé wà lára ohun tí àdéhùn náà ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fòpin sí.

Ṣé ìbòmú aláṣọ lè dá eruku dúró?

Kò lè dá èyí tó léwu jù dúró. Eruku òkúta tó kéré débi tí ojú kò rí i ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ń dápàá sí. Àpá yẹn kò ní oògùn, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún ikọ́ ife. Omi ni ààbò àkọ́kọ́; ìbòmú gidi tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ló tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí ihò fi ń ya lu ènìyàn?

Ògiri ihò tó dúró ṣánṣán, ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde tí wọ́n kó jọ sí etí ihò, àti òjò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní Galkogo ní ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro, ìpínlẹ̀ Niger, ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ ya lu àwọn tó ń wa góòlù, ènìyàn tó lé ní 30 ló sì há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà fún èyí kò ná ẹnikẹ́ni lówó púpọ̀: kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, kí wọ́n kó ilẹ̀ jìnnà sí etí ihò, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò àfi tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnì kan má sì dá wọ̀ ọ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ gbé pọ́ǹpù oníbẹntiróòlù wọnú ihò. Èéfín rẹ̀ máa ń pa ènìyàn kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, ó sì máa ń pa ẹni tó bẹ́ wọlé láti gbé e jáde.

Bí wọ́n bá ti kọ́ wọn, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn tún ń ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè tó ká mi lára jù nìyí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé awakùsà lágídí. Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò níwèé mọ̀ pé wọ́n lè wá lé òun lọ́la. Báwo ni yóò ṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́ ihò rẹ̀ ní àtẹ̀gùn? Báwo ni yóò ṣe náwó lórí kànga tí yóò fi máa lọ òkúta ní tútù? Ihò tóóró ni yóò gbẹ́, yóò yára kó ohun tó bá rí, yóò sì sá. Bí ẹ bá fún un ní bàtà láìfún un níwèé, ẹ kàn fún un ní ohun tí yóò fi sáré ni.

Gbèsè tún wà níbẹ̀. Ẹni tó fún un lówó oúnjẹ, owó epo pọ́ǹpù àti màkúrì ni yóò ra góòlù rẹ̀, òun náà ni yóò sì dá iye lé e. Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè sọ fún olówó rẹ̀ pé òjò rọ̀ lánàá, òun ò ní wọ ihò lónìí.

Ìwé nìkan náà kò tó. Ibi tí iléeṣẹ́ kan ń lò ni ilẹ̀ ti ya ní Galkogo. Ìwé, ẹ̀kọ́, irinṣẹ́ àti ẹni tí yóò ra góòlù lówó tó tọ́ gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀, kí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò sì máa padà wá.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ó ti yọrí sí rere?

Ó wà. Ní ọdún 2015, òjé pa ọmọ 28 ní Shikira, ìpínlẹ̀ Niger. Lẹ́yìn tí wọ́n fọ ilẹ̀ mọ́, àjọ MSF àti àwọn tó mọ̀ nípa ìlera òṣìṣẹ́ jókòó pẹ̀lú àwọn awakùsà fúnra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi láti lọ òkúta, wọ́n ń fọwọ́, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó wálé. Eruku òjé inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dín kù jọjọ, iṣẹ́ wọn kò sì dúró.

Ní ti ọjà, ìjọba dá ètò PAGMI sílẹ̀ ní ọdún 2019 láti máa ra góòlù lọ́wọ́ awakùsà kékeré, ìpínlẹ̀ Kebbi àti Ọ̀ṣun ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2020, wọ́n gbé góòlù kílógírààmù 12.5 síwájú ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari. Owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 268 náírà.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá?

Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, iléeṣẹ́ ńlá kan sì ti ń yọ́ ọ ní Ṣẹ̀gílọlá láti ọdún 2021. Àwọn tó ń fọwọ́ wà á pọ̀ lágbègbè yẹn. Omi odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó Òṣogbo kọjá ti di ẹlẹ́rẹ̀, ìwakùsà lókè odò sì wà lára ohun tí wọ́n ní ó fà á. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kíní ọdún 2024, ohun abúgbàù kan bú ní Bódìjà, ó pa ènìyàn, ó sì wó ilé púpọ̀; Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tó ń wakùsà láìgbàṣẹ ló kó o pamọ́ sínú ilé.

Bí mo bá se omi odò ibẹ̀, ṣé mo lè mu ún?

Rárá. Síse ń pa kòkòrò, kì í mú òjé àti màkúrì kúrò. Álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú ṣì lè ní oró. Ẹ wá kànga jíjìn tí wọ́n ti yẹ omi rẹ̀ wò.

Ṣé ọmọdé lè bá òbí rẹ̀ débẹ̀, kó kàn máa pọn omi?

Kò gbọdọ̀ débẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà.

Àwọn àmì wo ni kí n máa wò lára ọmọ?

Inú rírun, èébì, àìlèjẹun, àárẹ̀ tí kò lọ, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń padà sẹ́yìn, àti gìrì. Òjé sì lè wà lára ọmọ láìsí àmì kankan. Bí wọ́n bá ń lọ òkúta ní àdúgbò yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó béèrè, kí ó lè yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Gìrì jọ ibà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní Zamfara, ìyẹn wà lára ohun tó fi àkókò ṣòfò.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ wakùsà lórí oko mi, pé àwọn jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣé kí n gbà?

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé Mining Cadastre Office hàn yín, kí ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ yín ló wà nínú àwòrán rẹ̀. Owó irúgbìn yín jẹ́ ẹ̀tọ́ yín. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò ti máa lọ òkúta àti bó ṣe jìnnà sí ilé àti odò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn yóò dí ihò náà padà, àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ bí wọ́n bá sá lọ. Ẹ pe àwọn aládùúgbò yín mọ́ ọn, àwọn obìnrin pàápàá, nítorí àwọn ló ń pọn omi. Títí wọn yóò fi fi gbogbo èyí hàn yín nínú ìwé, ẹ má gbowó lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì fọwọ́ sí nǹkan kan.