Ẹ Wọn Ẹrù Yín, Ẹ Wọn Ẹ̀yìn Yín, Kí Ẹ Tó Ra Báàgì
Láti ìgbà tí mo ti ń ṣamọ̀nà àwọn tó ń rin orí òkè ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá máa ń fi ránṣẹ́ sí mi bí ọjọ́ ìrìn bá ti ku díẹ̀: wọ́n ti ra báàgì ẹ̀yìn tó fúyẹ́ jù lọ lọ́jà, wọ́n wá ń béèrè ohun tí àwọn lè kó sínú rẹ̀. Báàgì ni ó yẹ kí ẹ rà kẹ́yìn.

Ẹ gbé àgọ́, àpò ìsùn, aṣọ òjò àti sítóòfù kékeré yín sórí ìwọ̀n, kí ẹ fi oúnjẹ àti omi kún un, nítorí lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá kọjá nǹkan bíi kìlógíráàmù 9, báàgì tí kò ní férémù yóò tó yín. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá èyí tó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá wúwo díẹ̀ sí i, torí pé aláìnírin yóò ká kò, gbogbo ẹrù náà yóò sì bọ́ sórí èjìká. Ní ti iye lítà tí báàgì yóò gbà, ẹ kó ẹrù yín sínú páálí, kí ẹ wọn páálí náà. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tí n kò ní yé sọ ni gígùn ẹ̀yìn. Ẹni méjì lè ga dọ́gba, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn, kí ẹ̀yìn èkejì sì gùn; báàgì kan náà kò lè bá àwọn méjèèjì mu. Ẹ tẹ orí ba, kí ẹlòmíràn fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n láti eegun tó yọ gọngọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn títí dé ibi tó ṣe déédéé pẹ̀lú orí eegun ìbàdí. Ìwọ̀n yìí ni ó ń pinnu ibi tí bẹ́líìtì báàgì yóò bọ́ sí, orí ìbàdí ni ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ìyá tó bá pọn ọmọ lọ sí ọjà kì í so ọmọ náà kọ́ èjìká. Ìdí ni ó ń gbé e lé, tí ọ̀já àti gbàjá á sì dì í mú. Àwọn ìyá wa ti mọ iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó máa fi fídíò kọ́ wa.

Àwọn oní-fídíò yẹn fẹ́ràn láti máa dárúkọ Emma Gatewood, ìyá àgbà ará Amẹ́ríkà tó rin gbogbo ọ̀nà Appalachian, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn orí òkè ní ilẹ̀ wọn, já ní 1955, ní ẹni ọdún 67, pẹ̀lú àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán tó sì gbé kọ́ èjìká kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá náà kò gbé àgọ́, kò sì gbé àpò ìsùn. Ẹ̀yin tí ẹ gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù gun òkè, kí ni ẹ fi jọ ọ́?

Nígbà kan tí a gbéra láti abúlé Edale gun Kinder Scout, òkè tí kò ju mítà 636 lọ, bàbá kan wà láàárín wa tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti oṣù mélòó kan. Wòlíì kan ti sọ fún un pé ọfà ayé ni, ó sì ń fi òróró àdúrà pa á lálaalẹ́. Ayé wo ló ráyè bá èèyàn gun Kinder Scout? Mo wo bẹ́líìtì rẹ̀, ó wà lókè ìdodo: báàgì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yìn sẹ̀ǹtímítà 43 ni ó gbé sórí ẹ̀yìn sẹ̀ǹtímítà 52. Mo ní kí a pààrọ̀, ó kọ̀, ó ní owó ńlá ni òun fi rà á. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder, ó tú bẹ́líìtì tó ń fún un nínú, ẹrù náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí òkúta tó tutù, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí àwọn olùyọ̀ǹda tó ń dóòlà ẹ̀mí lórí òkè tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n ti ń gbé e lọ, ó ní kí n bá òun mú òróró náà nínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì. Ìgò náà wúwo tó ìdajì kìlógíráàmù, kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ ẹrù tó fi ránṣẹ́ sí mi.