Ṣé Omi Ni Epo Pupa? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí “Liquid”

Ní oṣù keje ọdún 2025, ìròyìn jáde ní Ìlú Ọba pé àwọn arìnrìn-àjò tí ó ń gba pápákọ̀ òfurufú Edinburgh àti Birmingham lè gbé “liquid” sínú báàgì ọwọ́ nínú ìgò tí ó tó lítà méjì. Òdiwọ̀n 100 ml (mílílítà ọgọ́rùn-ún) ni ó ti wà láti ọdún 2006. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí “omi lítà méjì”, ni ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀.

Kí ni “liquid” gan-an?
Ohun gbogbo tí ó ṣeé dà, tí ó ń ṣàn, tí ó sì ń gba ìrísí ohun tí a bá dà á sí.

Ṣé kì í ṣe omi ni Yorùbá ń pè é ni?
Omi ni, omi kọ́ sì ni. A ń sọ pé omi ọsàn, a ń sọ pé omijé, bí ọbẹ̀ bá sì ki jù, a ó ní kò lómi. Ẹni tí wọ́n bá so dírípù mọ́ lọ́wọ́ ní ọsibítù, a ó ní wọ́n ń fa omi sí i lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ tàbí ṣúgà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń pe epo pupa ní omi. Ẹ ta epo sínú abọ́ omi, ẹ ó rí i tí yóò léfòó, tí yóò sì kó ara rẹ̀ jọ ní róbótó-róbótó. Oyin kì í ṣe omi, ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, àwa sì fún oníkálukú ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ “nǹkan olómi”, bí epo tilẹ̀ lè fapá jánú.

“Fluid” ńkọ́?
Ó fẹ̀ ju “liquid” lọ. Nínú ìmọ̀ físíìsì, afẹ́fẹ́ àti gáàsì wà lára rẹ̀, nítorí pé àwọn náà ń ṣàn.

Ṣé òfin pápákọ̀ yìí kan ata díndín mi?
Òfin Ìlú Ọba ka ọbẹ̀, jáàmù, oyin, ìpara, lọ́fínńdà àti ọṣẹ ìfọyín mọ́ nǹkan olómi. Ata díndín tí epo ti ta sókè lórí rẹ̀ nínú ìgò kò jìnnà sí ọbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró nídìí ẹ̀rọ tí ń yẹ ẹrù wò kò sì ní àyè àríyànjiyàn gírámà.

Ọṣẹ ìfọyín mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ike 150 ml.
Níbi tí òdiwọ̀n 100 ml ṣì wà, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí ike lè gbà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èyí tí ó kù nínú rẹ̀.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún?
Àbọ̀ ìrìn-àjò ni. Pápákọ̀ tí ẹ ó gbà padà, tàbí èyí tí ẹ ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú mìíràn lójú ọ̀nà, lè ṣì dúró lórí 100 ml, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó di ẹrù. Ní ti epo pupa, ẹ kó o sínú àpótí tí ń lọ sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì kí ó má bàa ba aṣọ jẹ́.