Ṣé ẹrù ló fúyẹ́ ni, àbí ẹnu ló yí padà?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí aláàárù kan ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ó sọ àpò sìmẹ́ńtì 50 kílò kalẹ̀, ó gbé ìrẹsì 25 kílò, ó ní èyí fúyẹ́. Èmi náà gbé e, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́! Kí ló fà á?

Harry Helson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, fún irú ìbéèrè yìí lésì nínú ìwé tó gbé jáde ní 1964. Ó ní ohun tó wà níwájú wa, ohun tó yí i ká, àti ohun tí a ti rí sẹ́yìn máa ń pò pọ̀ di òṣùwọ̀n kan nínú ara. Èyí tó bá ju òṣùwọ̀n yẹn lọ, a ní ó wúwo. Èyí tí kò bá tó o, a ní ó fúyẹ́. Ti aláàárù ga ju tìẹ lọ. Helson fẹ́ kí òfin kan náà kárí ariwo, ìmọ́lẹ̀, àti irú ojú tí a fi ń wo ìwà èèyàn pàápàá. Ibẹ̀ gan-an lara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Ṣé ẹ ò gbà á ni?

Mo gbà á dé ààyè kan. Bí mo bá sọ pé ìgbín ńlá gun màlúù kékeré, ṣé o máa rò pé ìgbín mi tóbi ju màlúù lọ? Irú àtakò tí S. S. Stevens, onímọ̀ bíi Helson, ṣe sí i ní 1958 nìyẹn: ó lè jẹ́ pé bí aláàárù ṣe ń lo "fúyẹ́" ló yàtọ̀, kí ọrùn rẹ̀ sì máa gbọ́ ìwúwo bíi tìẹ.

Ṣùgbọ́n ti omi ńkọ́, àbúrò? John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ láti 1690 pé omi kan náà lè tutù lójú ọwọ́ kan, kó gbóná lójú èkejì. Ki ọwọ́ kan bọ omi gbígbóná, èkejì bọ omi tútù, kó o wá ki méjèèjì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnu kan ló ń sọ méjèèjì, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ara fúnra rẹ̀ ló yí padà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyípadà ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìyípadà ara, ni Helson dì sínú àpò kan.

Ohun tí a ti rí sẹ́yìn yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Wọn kì í wọ̀n ọ́n ṣáájú. Inú ìdáhùn ẹni tí wọ́n ń dán wò ni wọ́n ti ń yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn yẹn ló yẹ kó ṣàlàyé. Allen Parducci, onímọ̀ míì bíi tiwọn, tún fi hàn ní àwọn ọdún 1960 pé bí ìpíndọ́gba àwọn nǹkan tí a ń wò bá jẹ́ ọ̀kan náà pàápàá, ìdájọ́ wa lè yàtọ̀: ó kan ibi tí nǹkan náà bọ́ sí láàárín èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, àti iye èyí tó kéré sí i.