Síkáànì Ọpọlọ Kọ́ Ló Ń Sọ Ibi Tí Àrùn Parkinson Dé

Bí ọwọ́ bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí dókítà sì sọ pé àrùn Parkinson ni, ohun tí àwọn ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé wọ́n ti ya síkáànì orí wọn?" Tọ́dún bá yípo tí gbígbọ̀n náà sì le sí i, wọ́n á tún fẹ́ ya òmíràn kí wọ́n lè mọ ibi tí àìsàn náà dé. Lójú tiwọn, inú ọpọlọ ni àìsàn wà, ẹ̀rọ sì wà tó ń wo inú ọpọlọ, kí ló kù? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ̀pọ̀ ìdílé sínú gbèsè, ó sì ń fa ohun tó burú ju gbèsè lọ.

Wọ́n á ya MRI, ìyẹn síkáànì tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, èsì á jáde pé kò sí nǹkan tó ṣe ọpọlọ. Ẹnì kan nínú ẹbí á wá gbẹ́nu sókè pé, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn dókítà ò rí nǹkan kan. Ọwọ́ ayé ni." Bí wọ́n ṣe máa pa oògùn tì nìyẹn, tí wọ́n á máa gbé bàbá kiri láti orí òkè kan sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ rèé, MRI tí kò fi nǹkan kan hàn kò sọ pé Parkinson ò sí. Bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in gan-an nìyẹn.

James Parkinson, dókítà ará London tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ nígbà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1817. Èèyàn mẹ́fà péré ló sọ̀rọ̀ wọn, ojú títì ló sì ti rí àwọn kan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń rìn, bí ẹ̀yìn wọn ṣe tẹ̀, bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n nígbà tí wọn ò fi ṣe nǹkan kan, ohun tó fi ojú rí ló kọ sílẹ̀. Títí dòní, ojú dókítà tó mọṣẹ́ ṣì ni wọ́n fi ń mọ àrùn yìí.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí àwọ̀ wọn dúdú, tí wọ́n ń pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine. Wọ́n na okùn tín-ín-rín lọ sí apá ibi tó ń mú kí ìrìn àti ìṣesí ara já geere. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ń kú. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sábà máa ń jẹ́ pé èyí tó lé ní ìdajì nínú orí okùn wọ̀nyẹn ti lọ. MRI tí wọ́n ń yà lójoojúmọ́, bí ọpọlọ ṣe rí ló ń yà: ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dà, ibi tí omi gbára jọ sí, ibi tí kókó wà. Fọ́tò ilé tí wọ́n bá yà láti ìta lọ́sàn-án gangan á fi hàn pé ògiri ò sán, òrùlé ò sì ṣí, àmọ́ kò lè sọ fún wa bóyá iná wà nínú ilé.

Síkáànì kan wà tó ń wo ọ̀rọ̀ dopamine yìí fúnra rẹ̀. DaTscan ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Yúróòpù ní 2000, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2011. Wọ́n á kọ́kọ́ fún aláìsàn ní oògùn áyódíìnì, kí ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, tí wọ́n ń pè ní thyroid, má baà gba ohun tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tí ìtànṣán díẹ̀ wà nínú rẹ̀, á dúró fún wákàtí 3 sí 6, kó tó wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ kámẹ́rà. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 13, agbára ìtànṣán inú abẹ́rẹ́ náà á ti dín kù sí ìdajì, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ilé ìwòsàn lè kó pa mọ́ de ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Ní ti ẹni tí kò ní àrùn yìí, ohun méjì tó mọ́lẹ̀ bí àmì kọ́mà á hàn láàárín àwòrán, ọ̀kan lọ́tùn-ún, èkejì lósì. Ní ti ẹni tó ní Parkinson, ìrù kọ́mà náà á ti parẹ́, orí nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbọ̀n, apá òsì ọpọlọ ni ìrù náà sábà máa ń ti kọ́kọ́ parẹ́. Àwòrán náà wúlò gan-an nígbà tí dókítà bá ń ṣiyèméjì bóyá Parkinson ni àbí oríṣi gbígbọ̀n mìíràn tí kò kan dopamine, èyí tó máa ń wà nínú ẹbí míì láti ìran dé ìran. Àmọ́ àwọn àìsàn mìíràn wà tó jọ Parkinson, tó tún yára ba èèyàn jẹ́ jù ú lọ, tó jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n rí lórí síkáànì yìí.

Ṣé a ò wá lè máa ya á lọ́dọọdún ká fi wo bí ìrù kọ́mà náà ṣe ń kúrú? Àwọn olùwádìí náà ronú bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú wọn rí sì yẹ ká sọ ọ́ dáadáa.

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ELLDOPA jáde ní 2004. Èèyàn 361 tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn ni wọ́n lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n fún àwọn kan ní levodopa, tí í ṣe olórí oògùn àrùn yìí, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní hóró tí oògùn ò sí nínú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 40. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó yẹ̀ wọ́n wò. Ara àwọn tó lo levodopa yá ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Síkáànì sọ òdì-kejì: àmì dopamine lọ sílẹ̀ ní ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó lo oògùn tó pọ̀ jù, ìdá 1.4 péré ló sì lọ sílẹ̀ lára àwọn tí kò lo oògùn kankan. Àwòrán ní wọ́n ń burú sí i, ara wọn ní àwọn ń gbádùn.

Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn pé bóyá levodopa ló ń pa sẹ́ẹ̀lì. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sún oògùn náà síwájú nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí gan-an, nítorí ìyà tí kò yẹ kí wọ́n jẹ ni wọ́n ń jẹ. Ní 2019, àwọn dókítà ní Netherlands gbé ìwádìí tiwọn jáde. Èèyàn 445 ni. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ levodopa lójú ẹsẹ̀, àwọn kan dúró fún ọ̀sẹ̀ 40 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 80, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Oògùn náà ò dá àrùn dúró, kò sì mú un burú sí i.

Kí ló dé tí síkáànì fi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Kì í ka iye sẹ́ẹ̀lì tó kù. Ẹnu ọ̀nà kékeré tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba dopamine padà sínú ni ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà ń lẹ̀ mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí oògùn dín ẹnu ọ̀nà yẹn kù láì jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kankan kú. Irú ìyapa bẹ́ẹ̀ tún wáyé nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2001, níbi tí wọ́n ti gbin sẹ́ẹ̀lì tuntun sí ọpọlọ àwọn tó ní Parkinson. Síkáànì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì náà hù lára ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn aláìsàn fúnra wọn sọ bí ara ṣe rí, wọn ò rí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan.

Ìdí mìíràn tún wà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò, tí wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2013, wọ́n rí i pé láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún èèyàn pé ó ní àrùn yìí, okùn dopamine ní apá tó ṣe pàtàkì jù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i láyé. Kí ni síkáànì á máa wọ̀n ní gbogbo ọdún yẹn? Ohun tó sì sábà máa ń yọ aláìsàn lẹ́nu jù nígbà yẹn, bí ìṣubú, ìgbàgbé, inú kíkún, oorun tí kò lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti kúrò ní ti dopamine nìkan.

N ò sọ pé iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán wọ̀nyí já sí asán. Bí wọ́n bá ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ́dọọdún, tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á rí bí àrùn ṣe ń rìn. Ohun tí ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní PPMI ti ń ṣe láti 2010 nìyẹn. Ìwúlò rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lápapọ̀ kò sọ ọ́ di òdiwọ̀n fún bàbá kan ṣoṣo.

Òdiwọ̀n bàbá wà níwájú dókítà. Á ní kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ lu ara wọn kíákíá, kí wọ́n sì máa là wọ́n gbàgà. Á máa wò bí lílà náà ṣe ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Á ní kí wọ́n ká apá mọ́ àyà, kí wọ́n dìde lórí àga. Á ní kí wọ́n rìn lọ, kí wọ́n yí padà, á ka ìṣísẹ̀ tí wọ́n fi yí. Á dúró lẹ́yìn wọn, á fa èjìká wọn, á wò ó bóyá wọ́n á dúró tàbí wọ́n á ṣubú sọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 4. Máàkì yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọdún yìí yàtọ̀ sí èṣí.

Nítorí náà, owó tí ẹ fẹ́ fi ya síkáànì kejì, ẹ fi ra oògùn. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ aago tí wọ́n lo oògùn sí i, aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, aago tí ara tún padà le gbagidi, ọjọ́ tí wọ́n ṣubú, ọjọ́ tí oúnjẹ pá wọn lórí. Ẹ fi fóònù ya fídíò bí wọ́n ṣe ń rìn nínú ilé, torí pé àwọn míì máa ń ta kébékébé níwájú dókítà, kí wọ́n tó délé ara ti tún le.

Síkáànì tuntun ní àkókò tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣubú tí orí gbá nǹkan, tí oorun tàbí orí fífọ́ wá tẹ̀ lé e, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ lè ti máa sun jọ sábẹ́ agbárí. Bí apá àti ẹsẹ̀ kan bá dédé rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọ́ lẹ́nu wọn lójijì, kì í ṣe Parkinson ló ń rìn bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín. Ilé ìwòsàn tó ní CT, ìyẹn oríṣi síkáànì orí mìíràn, ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání.