Ọdẹ Orí Òkè Rocky Kò Dá Gbé: Ẹ Tú Àpò Rẹ̀ Wò

Bí a bá dárúkọ àwọn mountain men, àwọn ọdẹ tó ń wá awọ ẹran lórí òkè Rocky ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, fún ẹni tó ti wo fíìmù Amẹ́ríkà rí, àwòrán kan náà ló máa ń wá sí i lọ́kàn: ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, òun nìkan nínú yìnyín, awọ ẹran lọ́rùn, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń jẹ, ohun tó ń wọ̀, ohun tó fi ń dáná, inú igbó ló ti rí gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àfarawé ìgbé ayé yẹn lónìí pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdọọdún ni wọ́n ń pàgọ́ ní Fort Bridger, ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọ̀dọ́ tiwa náà sì ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ọ̀bẹ wo ni káwọn rà táwọn náà á fi lè dá gbé inú igbó. Inú ìbéèrè yẹn gan-an ni àṣìṣe wà.

Ká tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀bẹ náà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni wọ́n ń pè ní Green River, ọ̀pọ̀ sì rò pé odò Green River tó wà ní Wyoming, níbi tí àwọn ọdẹ náà ti máa ń pàdé, ló fún un lórúkọ. Rárá o. Greenfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lápá ìlà-oòrùn pátápátá, ni ilé-iṣẹ́ John Russell tó ń rọ ọ́ wà. Odò kan tó ń jẹ́ Green River ló ń ṣàn níbẹ̀ náà. Ọdún 1834 ni Russell sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí tirẹ̀ tó dé, Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àwọn ọdẹ náà ti ń wá, inú àpótí, nínú ọkọ̀ ojú omi.

Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, wọn kò sá fún ayé. Ní oṣù Kejì ọdún 1822, oníṣòwò kan, William Ashley, gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn ní ìlú St. Louis pé òun ń wá 100 ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò gòkè odò Missouri dé orísun rẹ̀, tí wọn yóò sì bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta. Awọ bífà ni wọ́n ń wá lọ, ẹranko odò tó máa ń fi eyín gé igi lulẹ̀, tó máa ń fi igi àti ẹrẹ̀ sé omi. Àwọn aṣefìlà a máa lu irun rírọ̀ tó wà lábẹ́ irun gígùn rẹ̀ pọ̀, wọn a fi ṣe àkẹtẹ̀ àwọn ọlọ́lá. Láti 1825 títí di 1840, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún kan tí ọjà ńlá kò ní ná nínú àfonífojì àwọn òkè yẹn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbaaka a ru ẹrù wá láti St. Louis, awọ a sì bá ọ̀nà kan náà padà.

Iye ọjà náà wà lákọsílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1826, Ashley ta òwò rẹ̀ fún Jedediah Smith, David Jackson àti William Sublette, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: ẹ̀tù ìbọn, dọ́là 1.50 fún ìwọ̀n pọ́n-ùn kan; òjé, dọ́là 1; ṣúgà, dọ́là 1; kọfí, dọ́là 1.25, kúbùsù kan, dọ́là 9, tàkúté kan, dọ́là 9. Dọ́là 3 ni pọ́n-ùn kan awọ bífà. Awọ bífà kan tó ti gbẹ máa ń tó pọ́n-ùn kan ààbọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: awọ méjì gbáko fún tàkúté kan ṣoṣo. Iye tí àwọn ọ̀gá ń gbà láàárín ara wọn sì nìyẹn. Ti ọmọ iṣẹ́ tó lọ rà á lọ́wọ́ wọn ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń jẹ gbèsè ṣúgà àti kọfí lórí òkè, ta ni yóò pè é ní ẹni tó dá gbé?

Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Osborne Russell, tó lọ sórí òkè náà ní 1834, kọ ohun tó wà lára ọdẹ kan sílẹ̀: ẹṣin pẹ̀lú gàárì, àpò tàkúté 6, kúbùsù, bàtà awọ mìíràn fún ìpààrọ̀, ìwo ẹ̀tù, àpò ọta, ọ̀bẹ apẹran lára bẹ́líìtì, àpótí igi kékeré tí wọ́n ń kó oògùn ìdẹ bífà sí, tábà àti ìkòkò rẹ̀, ohun ìṣáná, nígbà mìíràn àáké kékeré kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó irinṣẹ́ jọ, ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ máa wò, ẹ fi ti fíìmù sílẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, iná ni mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ gbà pé òkúta méjì ni wọ́n ń gbá mọ́ra wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn ilé, a gbá akọ òkúta méjì mọ́ra títí ìka wa fi bó. Ó ń kọ yẹ̀rì nínú òkùnkùn, ó ń rùn, ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ kan kò gbiná. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kò gbóná tó. Bí a bá fi irin ṣá òkúta, irin ló ń jó, kì í ṣe òkúta. Òkúta náà le ju irin lọ, etí rẹ̀ tó mú sì ń fá irin náà ní wínníwínní. Ohun tó fá yẹn ló ń gbóná débi tó fi ń gbiná nínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí irin rírọ̀ bí ìṣó kò fi lè ṣe é, àfi èyí tí alágbẹ̀dẹ ti fi iná àti omi mú le. Ìṣáná tí à ń rà nínú páálí lónìí, ṣíṣá iná yìí ló wà nínú orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, bí irin bá dára tó bí kò bá sí àkísà, asán ni. Ẹ gé aṣọ òwú wẹ́wẹ́, kí ẹ kó o sínú agolo kékeré tó ní ìdérí, ẹ lu ihò tín-ín-rín kan sí ìdérí náà, ẹ gbé e lé ẹyin iná. Èéfín yóò máa tú lójú ihò. Bó bá ti dá, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ má sì ṣí i títí yóò fi tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé lákòókò yẹn, eérú lẹ ó bá. Aṣọ náà yóò ti dúdú kirikiri láìjóná. Ẹ gbé ègé kan lé orí òkúta, kí etí rẹ̀ bá etí òkúta dọ́gba, ẹ wá fi irin ṣá a láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí iná bá ta bà á, ẹ óò rí ojú pupa kan tín-ín-rín tí ń rìn lọ bí èèrà lórí dúdú yẹn. Kò ní ahọ́n iná rárá. Ẹ gbé e sáàárín koríko gbígbẹ tí ẹ ti fọwọ́ rá bí ìtẹ́ ẹyẹ, kí ẹ máa fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́.

Ẹ wo ọwọ́ tó wà nínú iná kékeré yẹn: alágbẹ̀dẹ ló rọ irin, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló hun aṣọ. Òwú tí wọ́n ń hun láyé ìgbà náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú àtàwọn ọmọ wọn ló ń já a lóko ní gúúsù Amẹ́ríkà. Mi ò lè dá irú iná yẹn kí n má rántí wọn. A rí ọmọ wọn lórí òkè náà pẹ̀lú. Inú oko ẹrú ní Virginia ni wọ́n bí James Beckwourth sí, ó bá àwọn ènìyàn Ashley lọ ní 1824, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn Crow, ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Awọ ni ibi tí irọ́ náà ti burú jù lójú mi, torí ó gba iṣẹ́ àwọn obìnrin kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á rẹ awọ àgbọ̀nrín sómi, wọ́n á họ ọ́ níwá lẹ́yìn, wọ́n á fi ọpọlọ ẹran tí wọ́n pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra á wọ inú. Wọ́n á fún un, wọ́n á wá máa fà á, máa nà án, láìsinmi, títí yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá dúró kó tó gbẹ, páálí ló máa kó lọ sílé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gán an bí àpò, wọ́n á rọ̀ ọ́ sókè igi jíjẹrà tó ń rú èéfín láìjó. Èéfín yẹn ló ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, òun náà ló ń jẹ́ kó tún rọ̀ padà bí òjò bá pa á tó sì gbẹ. Àwọn obìnrin Shoshone, Crow, Nez Perce àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ló mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ọ̀pọ̀ ọdẹ fẹ́ aya láàárín wọn. Jim Bridger nìkan, ìgbà mẹ́ta ló gbéyàwó láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ọwọ́ aya ló rán bàtà, òun ló sá ẹran, òun ló gún un mọ́ ọ̀rá fún oúnjẹ ìrìnàjò.

Ẹni tó sì rò pé aṣọ awọ látòkè délẹ̀ ló dáa jù kò tíì wọ odò òtútù rí. Ọdẹ bífà a máa wọnú omi kí òórùn ara rẹ̀ má baà wà létídò. Yóò ri tàkúté náà sínú omi tí kò jìn, yóò na ṣéènì rẹ̀ síbi tó jìn kí ẹran náà lè rì, yóò wá fi oògùn ìdẹ, tí wọ́n ń mú láti ara bífà fúnra rẹ̀, pa igi kékeré kan lórí. Awọ tó rin báyìí a fà, a wúwo, a sì mú òtútù wọ egungun. Torí náà ni wọ́n ṣe ń fi kúbùsù onírun àgùntàn bo ojúgun, torí irun àgùntàn a ṣì máa móoru bó tilẹ̀ rin. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Witney, ni wọ́n ti ń hun púpọ̀ nínú kúbùsù òwò yẹn.

Ìbọn ńkọ́? Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ a máa ná owó gọbọi lórí irú èyí tí Jacob àti Samuel Hawken ń rọ ní St. Louis, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdẹ ló gbé èyí tí ìdílé Henry ń rọ ní Pennsylvania. Ìbọn olókùúta tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ sì bá ṣakabùlà tiwa tan: Birmingham ń rọ ìbọn òwò ránṣẹ́ sí àríwá Amẹ́ríkà, ó sì ń rọ ọ́ ránṣẹ́ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ẹnìkan yóò ní, àwọn ọdẹ tó dá yè nínú ewu ńkọ́, bíi John Colter? Òótọ́ ni, àwọn ẹ̀yà Blackfeet bọ́ ọ sí ìhòòhò, ó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀, ó sì yè. Ilé ìṣòwò Manuel Lisa ló sá lọ. Hugh Glass tí béárì fà ya ní 1823, tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn, Fort Kiowa lòun náà wọ́ lọ, ilé ìṣòwò mìíràn.

Ní ọdún 1823 kan náà, béárì gbé orí Jedediah Smith hán. Ó bó awọ orí rẹ̀, etí kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Smith fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹni tó bá ní abẹ́rẹ́ àti òwú mú un jáde. James Clyman, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà, ló rán an. Ó ní òun kò lè rí etí náà ṣe, Smith ní kó ṣáà gbìyànjú, ó sì ń gún un wá, gún un lọ, ó fọwọ́ to ẹran tó ya náà pọ̀ bó ti lè ṣe é. Lẹ́yìn náà Smith gun ẹṣin rẹ̀ lọ síbi omi, ó tó nǹkan bíi máìlì kan. Àgọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Òun ni wọ́n pa á fún.