Bí Àwòrán Ọpọlọ Ṣe Ń La Ọ̀nà fún Iṣẹ́ Abẹ Wárápá Lára Ọmọdé

Bí oògùn méjì tó bá irú wárápá ọmọ kan mu kò bá lè dá gìrì rẹ̀ dúró, àwọn oníṣègùn a ka àìsàn náà sí èyí tí oògùn kò kápá. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní wárápá ló wà nínú ipò yìí. Lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àwọn tí gìrì wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan pàtó nínú ọpọlọ, bóyá ibi tí kò tò dáadáa láti inú oyún, bóyá ibi tí kókó tàbí àpá wà, iṣẹ́ abẹ sì lè wò wọ́n sàn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní New Delhi, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, ọmọ 116 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, àwọn yòókù sì ń lo oògùn nìkan. Lẹ́yìn ọdún kan, 77 nínú 100 àwọn tí iṣẹ́ abẹ kàn ni gìrì kò gbé mọ́, ṣùgbọ́n 7 péré nínú 100 ni lára àwọn tó ń lo oògùn nìkan. Kí ọ̀bẹ tó kan ọmọ, àwòrán gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí gìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ hàn, kó sì fi ohun tó wà nítòsí rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ pa lára hàn.

Ẹ̀rọ MRI ni òpómúléró iṣẹ́ yìí. Agbára òòfà ló fi ń ya inú orí ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ohun tí wọ́n ń wá kò sábà hàn gbangba: ó lè jẹ́ ibi tí awọ ọpọlọ ti nípọn jù, tàbí ibi tí ààlà láàárín apá eléérú (ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wà) àti apá funfun (ibi tí àwọn fọ́nrán tó so wọ́n pọ̀ wà) kò ti hàn kedere. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tó ń wo àwòrán ti mọ ohun tí EEG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ, sọ nígbà tí gìrì gbé ọmọ náà.

Ọjọ́ orí ọmọ ló ń mú iṣẹ́ yìí le jù. Ọ̀rá tó ń bo àwọn fọ́nrán inú ọpọlọ kì í tíì pé nígbà tí a bá bí ọmọ. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́ ló ń bò wọ́n díẹ̀díẹ̀. Lágbedeméjì àkókò yìí, apá eléérú àti apá funfun a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra nínú àwòrán, àbùkù tó hàn nígbà tí ọmọ wà ní oṣù mẹ́rin sì lè fara pamọ́ nígbà tó bá pé ọdún kan. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi àwòrán tó mọ́ ní ọmọ ọdún kan parí ọ̀rọ̀. A gbọ́dọ̀ tún un yà lẹ́yìn ọdún méjì, kí àwọn òbí sì tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ dáadáa. Bákan náà, ọmọ gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ. Wọ́n lè fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú, kí wọ́n wé e kó sùn, ṣùgbọ́n oògùn akunlóorun ni wọ́n sábà ń lò fún ọmọ tó ti ń rìn.

Bí MRI kò bá fi nǹkan hàn, PET, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya bí ọpọlọ ṣe ń lo ṣúgà, a máa ṣèrànwọ́. Wọ́n a fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tí a fi èròjà onítànṣán sí, èyí tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí 110 ìṣẹ́jú. Nígbà tí gìrì kò bá sí, ojú tó ní àrùn kì í jẹ ṣúgà tó bó ṣe yẹ, ibẹ̀ a sì ṣú. Ibi tó ṣú náà sábà máa ń fẹ̀ ju ojú àrùn gan-an lọ, nítorí náà a kò lè fi pààlà ibi tí a ó gé.

SPECT, ẹ̀rọ tó ń ya bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ, ní tirẹ̀ ń lépa gìrì fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì a jókòó ti ọmọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ èròjà onítànṣán tó ti wà ní sẹpẹ́, kó lè gún un láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí gìrì bá bẹ̀rẹ̀. Èròjà náà a bá ẹ̀jẹ̀ wọ ibi tó ń ṣiṣẹ́ jù, a sì dúró síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè ya àwòrán náà lẹ́yìn tí ara ọmọ bá ti balẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá pẹ́, ibi tí gìrì ti ràn dé ni àwòrán yóò fi hàn. Lóòótọ́, orúkọ ẹ̀rọ ni a máa ń dá, ṣùgbọ́n ìfura nọ́ọ̀sì yìí ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìn, MRI oníṣẹ́, tí ọ̀nà rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Seiji Ogawa, wá ní 1990, ń wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn ń ṣàn lọ bí ọmọ ṣe ń ronú ọ̀rọ̀ tàbí tó ń ju ìka. Oríṣi MRI mìíràn ń tọpa bí omi ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́nrán, kí a lè mọ ọ̀nà tí ojú fi ń ríran àti èyí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń gba àṣẹ.

Bí gbogbo àwòrán bá tọ́ka síbì kan náà, tí EEG sì gbà pẹ̀lú wọn, iṣẹ́ abẹ lè tẹ̀síwájú. Bí wọ́n bá tako ara wọn, wọ́n lè ki wáyà tín-ínrín bọ inú ọpọlọ, ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn méjì, Jean Talairach àti Jean Bancaud, dá sílẹ̀ ní Paris, kí wọ́n lè gbọ́ gìrì láti inú. Níbi tí kò bá tíì dájú, kí a má ṣe gé nǹkan kan ló sàn. Nígbà iṣẹ́ abẹ pàápàá, ọpọlọ máa ń yẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ṣí agbárí, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi gbé MRI sínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n a tún àwòrán yà kí wọ́n tó pa orí dé, bí àbùkù bá sì ṣẹ́ kù tí kò léwu láti yọ, wọ́n a padà lọ mú un kúrò.